"Èló lẹ máa tà á?" Ìbéèrè tí wọ́n fi ń da àwọn tó ń hun súwẹ́tà nílé láàmú

Bí obìnrin kan bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀ l'Ékòó, tó gbé àpò òwú sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń fi abẹ́rẹ́ méjì hun súwẹ́tà ọmọ ọwọ́, ẹni tó bá ń kọjá ò ní í bi í pé ta ló kọ́ ọ, kò sì ní í bi í pé ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́. Ohun tó máa bi í ni pé, "Mọ́mì, èló lẹ máa tà á?" Bó bá fèsì pé òun ò tà á, onítọ̀hún á wò ó lókè wò ó nílẹ̀, àfi bíi pé ó ń ju owó sí gọ́tà. Àwọn mìíì tiẹ̀ máa ń káàánú ẹ̀. Ṣé ẹ mọ ìlú yìí, ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, àwọn èèyàn á ti máa wáṣẹ́ fún un. Akọ̀wé ọ́fíìsì ń ta bàtà lábẹ́ tábìlì, tíṣà ń ta bisikíìtì ní ibi ìsinmi, awakọ̀ ń ta omi inú ọ̀rá. Kí ni ti ẹni tó ń hun aṣọ tí kò ní í tà?

Kò sẹ́ni tó fẹ́ bú wọn. Owó ilé ò kéré, owó iléèwé ò kéré, ẹni tó bá rí ohun tó lè tà, kó yáa tà á. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tí ọwọ́ èèyàn bá mú ló gbọ́dọ̀ dé ọjà, kí ló wá kù tó jẹ́ tiẹ̀? Ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ yìí gan-an nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òwú lásán.

Obìnrin kan wà lápá Agége, ó ti lé lẹ́ni 60 ọdún, opó ni. Iṣẹ́ taípíìsì ló fi ọdún 25 ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe gbajúmọ̀, orúkọ ẹ̀ ò sì ní í jáde níbí, torí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún wá bá òun dá súwẹ́tà. Ìdí tí kò fi fẹ́ bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ níwájú. Nǹkan méjì ló máa ń fọwọ́ ṣe nílé: ó ń hun aṣọ, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ àwọn ọmọ ìkókó, ó sì ń to ìrépé aṣọ pọ̀ di ìbora, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní kúílìtì.

Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti kọ́ ti òwú, láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń fi ọjọ́ Ẹtì kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ọwọ́. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń lò. Ọmọ á lọ bá bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ìyẹn á bá a gé méjì, ọmọ náà á wá máa pọ́n ọn lórí òkúta títí ẹnu ẹ̀ á fi dán tí kò ní í máa họ òwú. Ọmọ olówó nìkan ló ń mú abẹ́rẹ́ òyìnbó wá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tíṣà wọn fún wọn ní ojú mẹ́wàá, ó ní kí wọ́n máa lọ kí wọ́n máa bọ̀ lórí ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa jáde, mẹ́wàá tiẹ̀ ti di 17, kò sì mọ ibi tí méje tó lé ti wá. Gbogbo ẹni tó bá ti hun òwú rí ló máa mọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ká sòótọ́, iṣẹ́ náà ò le tó bó ṣe rí lójú. Nǹkan méjì péré ló wà nínú ẹ̀. Èèyàn lè ki abẹ́rẹ́ bọ ojú òwú láti iwájú, kó fà á jáde, ó sì lè kì í bọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn. Ó tán. Gbogbo àrà tí ẹ ń rí lára súwẹ́tà, yálà ó dà bí okùn tí wọ́n lọ́ pọ̀ ni o, tàbí bí àgbàdo orí ṣùkù, méjèèjì yẹn náà ni wọ́n ń yí síra wọn. Bó bá jẹ́ ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn ni wọ́n hun títí tó fi dé òkè, aṣọ náà á máa fà bíi rọ́bà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé irú ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe sí ọrùn ọwọ́ àti etí fìlà, kó lè di ara mú. Ibi tí wàhálà wà ni pé ojú kan lè já bọ́ lórí abẹ́rẹ́. Bí wọn ò bá tètè rí i, á máa tú lọ sílẹ̀ ni, lẹ́sẹẹsẹ, bí àkàbà, títí tó fi máa dé ìdí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe á fi ìwọ̀ kékeré kan gbé e gòkè padà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á tú gbogbo ẹ̀ ká, á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Kíkà sì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi ojú 72 bẹ̀rẹ̀ fìlà ọmọ, ojú 72 ló gbọ́dọ̀ pé lórí abẹ́rẹ́ títí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dín in lókè orí. Àǹfààní tí ìyá Agége yìí ń sọ nìyẹn. Ó ní ẹni tó ń ka ojú òwú ò ráyè ka gbèsè. Nígbà tí wọ́n ń fi owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀ falẹ̀, tí wọ́n ń ní kó lọ kó bọ̀, orí ìlà tó ti ń dúró dè wọ́n ló ti hun fìlà mẹ́fà. Àwọn tí wọ́n jọ tò síbẹ̀ ń bínú, ẹ̀jẹ̀ àwọn kan ń ru. Inú bí òun náà, kì í ṣe pé kò bí i, àmọ́ nígbà tí fáìlì máa fi jáde, ó kéré tán, ọmọ mẹ́fà ti rí fìlà dé.

Àwọn olùwádìí kan tiẹ̀ ti yẹ irú ọ̀rọ̀ báyìí wò. Lọ́dún 2013, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ìṣègùn kan ní Bìrìtìkó gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti bi àwọn tó ń hun òwú tí iye wọn jẹ́ 3,545 káàkiri àgbáyé léèrè bó ṣe ń ṣe wọ́n. Àwọn tó ń hun ún léraléra ló sọ jù pé ọkàn àwọn máa ń balẹ̀, inú àwọn sì máa ń dùn. Òótọ́ ni pé àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ni wọ́n lọ bi, ẹ ò sì ní í bi oníkọfí bóyá kọfí dùn kó ní rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí ìyá yìí lálẹ́ ọjọ́ tí iná lọ, tí ooru mú, tí ẹ̀rọ amúnáwá gbogbo àdúgbò ń bú, tó sì jókòó sínú òkùnkùn tó ń hun òwú láìwo ọwọ́ ara ẹ̀, kò nílò ìwádìí òyìnbó kankan.

Wọ́n á ní ta ló fẹ́ wọ súwẹ́tà nínú ooru Èkó. Ọmọ ìkókó ni. Ara ọmọ tuntun ò tíì lágbára láti mú ara ẹ̀ gbóná bíi ti àgbà, orí ẹ̀ tó tóbi tí a bá fi wé ìyókù ara ẹ̀ sì ni òtútù ti máa ń bá a wọlé. Ìdí nìyẹn tí fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ fi máa ń wà nínú ohun tí wọ́n ní kí aláboyún kó dání wá sílé ìwòsàn. Òjò Júláì wà ńbẹ̀, ọyẹ́ náà wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá lọ́mọ ní Jos mọ̀ pé òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti àwàdà. Ká má tíì sọ ti àwọn ọmọ-ọmọ tó wà ní London àti Manchester, tó jẹ́ pé súwẹ́tà tí màmá màmá wọn fi ránṣẹ́ látilé ni ohun kan ṣoṣo tó ti Agége wá tí wọ́n ń wọ̀ lọ síléèwé.

Ohun kan rèé tí àwọn tó ń ra òwú gbọ́dọ̀ mọ̀. Èyí tó pọ̀ jù lára òwú olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́jà wa kì í ṣe irun àgùntàn. Ike ni, láti ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń ṣe é. Kò burú, ó rọrùn láti fọ̀, ó tètè ń gbẹ, kòkòrò kì í jẹ ẹ́. Àmọ́ ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e o, torí ńṣe ló máa pẹlẹbẹ, kò sì ní í padà sí bó ṣe wà mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kó sún mọ́ iná. Àbí ẹ ò rí nǹkan: à ń ta epo rọ̀bì fún òyìnbó, òyìnbó sọ ọ́ di òwú, àwa tún ń náwó rà á padà ká lè fi hun fìlà.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá yìí. Ọmọ ẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ òwò dé. Ó ní, "Mọ́mì, góòlù lẹ jókòó lé lórí yìí o." Ó ya fọ́tò súwẹ́tà mẹ́ta, ó gbé e sórí WhatsApp, kó tó di ọjọ́ kejì, èèyàn 11 ti fẹ́ rà. Inú gbogbo ilé dùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ayọ̀ náà fi wà. Ẹnì kan fẹ́ tiẹ̀ kó tó di Sátidé torí ìsọmọlórúkọ. Ẹnì kan ní iye tí wọ́n pè é pọ̀ jù, pé èyí tó ti China wá ò tó ìdajì ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin ni ìyá fi hun ún. Ẹnì kan gbé tiẹ̀ padà, ó ní àwọ̀ búlúù tó wà lórí fóònù kọ́ nìyí. Ìka ọwọ́ ọ̀tún ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún láàárọ̀, kò lè kà á pọ̀. Ó wá di pé bó bá ti rí àpò òwú yẹn, àyà ẹ̀ á já. Ó gbé e sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, odidi oṣù mẹ́rin ni kò fi fọwọ́ kan abẹ́rẹ́.

Nígbà tí ọmọ ẹ̀ béèrè, ó ní, "Ọmọ mi, mo ti ní ọ̀gá fún ọdún 25. Mi ò fẹ́ òmíì." Ọmọ náà ò bínú, ó yọ fọ́tò kúrò. Ìyá tún mú òwú, èyí tó fẹ́, àwọ̀ tó wù ú, fún ẹni tó wù ú. Aboyún tó bá wà lájùlé kejì á rí tiẹ̀ gbà, bó bá sì fún un lówó, á dá a padà. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ohun tó ṣe yìí bọ́gbọ́n mu lójú oníṣòwò. Àmọ́ ìka ọwọ́ ẹ̀ ò dùn ún mọ́.

Ti ìrépé aṣọ ló wá le jù, torí ẹbí dá sí i.

Ọkọ ẹ̀ ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì títí tó fi kú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa, lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn mọ̀lẹ́bí pàdé, wọ́n pín aṣọ. Agbádá, aṣọ òkè, léèsì, gbogbo ẹ̀ lọ síbi tó yẹ kó lọ, kò sí ìjà. Èyí tó kù nílẹ̀ ni èyí tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́: káàkí iṣẹ́ mẹ́ta tí ọ̀rá ẹ́ńjìnnì ti mu, ṣẹ́ẹ̀tì funfun méjì tí ọrùn wọn ti gbó, dàńṣíkí àǹkárá kan tó máa ń wọ̀ ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àti ṣòkòtò pijáàmà. Wọ́n ní kó fi nu ilẹ̀. Kò fi nu ilẹ̀. Nígbà tí ọdún yípo, ó mú sáásì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé wọn. Ó yọ ibi tó ti fàya, ó gé èyí tó ṣì dáa ní igun mẹ́rin mẹ́rin, ó tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń pààrọ̀ àyè wọn bí ẹni ń ta ayò, lẹ́yìn náà ló wá ń rán wọn pọ̀. Ó fi ìbora kan tó ti gbó sí àárín dípò òwú, ó fi ṣíìtì tẹ́ abẹ́ ẹ̀, ó wá ń fi abẹ́rẹ́ gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gígún tí wọ́n ń gún un pọ̀ yìí gan-an ló ń jẹ́ kúílìtì. Bí kò bá sí i, aṣọ alápapọ̀ lásán ni.

Ibẹ̀ ni àbúrò ọkọ ẹ̀ ti wọlé bá a. Ó ní, "Ìyàwó wa, aṣọ òkú lẹ̀ ń gé yẹn o! Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Ó dáhùn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi, ìbora ni." Ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ létí. Kó tó di àṣálẹ́, ó ti délé ẹ̀gbọ́n, ó ti délé àbúrò, wọ́n ń sọ pé ìbànújẹ́ ti fẹ́ gbé orí obìnrin náà lọ, àwọn kan sì ń sọ ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mọ bí ẹnu ayé ṣe rí sí opó. Opó tó bá ń sunkún, wọ́n á ní ó pọ̀ jù, èyí tí kò bá sunkún, wọ́n á ní òun ló pa á. Èyí tó bá wá mú sáásì, ó dọwọ́ Ọlọ́run.

Bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ṣe yìí kì í ṣe tuntun láyé. Ìlú kékeré kan wà ní ìpínlẹ̀ Alabama l'Amẹ́ríkà, Gee's Bend ni wọ́n ń pè é, odò yí i ká lọ́nà mẹ́ta. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n fi ṣẹrú nínú oko òwú níbẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn. Orúkọ Pettway tí ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń jẹ́ dòní, orúkọ ọkùnrin tó gba oko náà lọ́dún 1845 ni. Lọ́dún 1932, àwọn ajogún oníṣòwò tí wọ́n jẹ ní gbèsè wá kó gbogbo ohun tó wà nílé wọn, ẹran ọ̀sìn, irinṣẹ́ àti oúnjẹ. Òtútù sì wà níbẹ̀, kì í ṣe bíi tiwa. Àkísà ni àwọn obìnrin ń tò pọ̀ kí àwọn ọmọ wọn lè sùn. Lọ́dún 1942, lẹ́yìn tí Nathaniel Pettway kú, ìyàwó ẹ̀, Missouri, kó aṣọ tí ọkùnrin náà fi ń ṣiṣẹ́ oko, ó gé e, ó tò ó di ìbora. Ọmọ wọn, Arlonzia, tó wà níbẹ̀, ló sọ ọ́ fáráyé nígbà tó yá, pé ìyá òun fẹ́ máa fi rántí bàbá òun ni, kó sì máa fi bora. Lára irú ìbora aṣọ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èèyàn á rí ibi tí àpò wà tẹ́lẹ̀, tó dúdú ju ibi tí oòrùn ti pa láwọ̀ lọ. Lọ́dún 2002, wọ́n gbé ìbora àwọn obìnrin Gee's Bend kọ́ ògiri ilé ọnà ńlá ní Houston, wọ́n gbé e dé New York, lọ́dún 2006, ìjọba Amẹ́ríkà fi wọ́n ya sítám̀pù. Ìyá Agége yìí ò gbọ́ orúkọ ìlú náà rí.

Ọ̀rọ̀ òwò tiẹ̀ kan àwọn náà. Lọ́dún 1966, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lágbègbè yẹn, Freedom Quilting Bee, láti máa ta ìbora fáwọn oníṣọ́ọ̀bù ńlá. Owó wọlé, kò sẹ́ni tó lè fojú tín-ín-rín owó yẹn, torí àkókò tí wọ́n ń jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò ni, ìyà sì ń jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n oníbàárà fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ rí bákan náà, ìwọ̀n kan, àpẹẹrẹ kan. Èyí tó wá gbajúmọ̀ nílé ọnà kì í ṣe irú ìyẹn. Èyí tí wọ́n ṣe fún bẹ́ẹ̀dì ara wọn ni, tí igun ẹ̀ ò tiẹ̀ gún.

Àwa gan-an ńkọ́? Aṣọ òkè tí à ń fi yangàn, ilà tín-ín-rín tí fífẹ̀ ẹ̀ ò ju bí ínǹṣì mẹ́rin lọ ni wọ́n ń hun, kí wọ́n tó rán an pọ̀ di ìró tàbí agbádá. Aṣọ egúngún ńkọ́, tó jẹ́ pé ìrépé lórí ìrépé ni, tí ọmọ ilé ń fi tuntun kún un bí ọdún ṣe ń gorí ọdún? Nígbà tí egúngún bá ń jó, aṣọ ìgbà ìwáṣẹ̀ àti ti àná jọ ń fò sókè ni. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó o. Ẹ̀gàn ò sí nínú àkísà níbẹ̀, ọrọ̀ ni. Àwọn tó sì ń sọ pé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti òwú kì í ṣe ti ọkùnrin, kí wọ́n lọ sí Ìṣẹ́yìn lọ wo ẹni tó jókòó sídìí òfì.

Àbúrò bàbá ọkọ ẹ̀, obìnrin tó ti sún mọ́ 90 ọdún, ló fúnra ẹ̀ ní kí wọ́n gbé òun wá wo ohun tí ìyàwó ń ṣe. Gbogbo ilé ń retí ìjà. Wọ́n tẹ́ ìbora náà fún un lórí àga. Ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ó ń fọwọ́ pá a láti igun dé igun, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó dé ibi dàńṣíkí, ọwọ́ ẹ̀ dúró. Ó ní, "Èyí tó wọ̀ wá kí mi lọ́dún Àjíǹde nìyí." Ó tún pá káàkí, ó gbóòórùn ẹ̀, ó ní ọ̀rá ẹ́ńjìnnì yẹn ò ní í lọ láéláé. Àbúrò ọkọ tó lọ fẹjọ́ sùn lọ́jọ́sí wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá àgbà rán ọmọ sí i pẹ̀lú ọ̀rá dúdú kan. Sányán ló wà nínú ẹ̀, ìrépé kan tí kò ju apá méjì lọ, láti ara agbádá bàbá ọkọ ẹ̀, tí ìyá àgbà ti fi pamọ́ sínú àpótí láti ìgbà tí bàbá náà ti kú. Ó ní kí ìyàwó bá òun lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti ọmọ ẹ̀. Wọn ò tíì lẹ̀ ẹ́. Ìyá àgbà ní àárín gbùngbùn ló yẹ kó wà, torí bàbá ni bàbá ń jẹ́. Ìyàwó ní etí ló dáa, torí sányán wúwo ju káàkí lọ, bó bá wà láàárín, ó máa fa ìyókù wálẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ já. Orí fóònù ni wọ́n ti ń jiyàn ẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, ìyá àgbà ò sì tíì gbà.